Òwe Ẹni Tó Ti Wọ Odò

Nígbà tí Jòhánù gé iṣu kejìlélọ́gọ́ta tán, ó nu ọ̀bẹ mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó wá wo ohun tó tẹ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí ẹní. Èbù ni gbogbo rẹ̀, èbù kéékèèké tí kò sí èyí tó ju páálí ìṣáná lọ nínú wọn, èèpo lẹ́yìn, funfun nínú. Ó ti ń kà wọ́n bó ṣe ń gé wọn bọ̀: ẹgbẹ̀fà ó lé mọ́kànlá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, iṣu ni wọ́n, tí èèyàn lè sè, tí ó lè gún, tí ó lè kó fún àlejò. Nísinsìnyí, kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n lè fi rán ẹyọ kan padà nínú wọn.

Caroline ìyàwó rẹ̀ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi ajọ̀ jọ eérú.

"Ṣé ó tán?"

"Ó tán."

"Ó dáa. A ti wọ odò nìyẹn. Ẹni tó ti wọ odò kì í sá fún òtútù mọ́." Ó gbọn ajọ̀ náà, ó ti igbá eérú sí i. "Ẹ gba eérú yín."

Jòhánù wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń bá òun wí ni tàbí ó ń ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀ ju eérú tó bà á nímú lọ.

Iṣu Caroline ni iṣu náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e níyàwó láti Ìgbàjà wá sí Òwu-Ìsin, ó lé ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, ìyá rẹ̀ di iṣu méjìlá mọ́ ẹrù rẹ̀ fún gbígbìn. Irú iṣu náà kì í tóbi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gún un, kì í ní kókó, bó bá sì sùn di ọjọ́ kejì, kì í le. "Iṣu Ìyàwó Ìgbàjà" ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn tó gbà nínú rẹ̀ láyé ìgbà náà ti pa á tì, wọ́n ti lọ sídìí èyí tó ń tóbi, tí àwọn oníṣòwò ń wá fi ọkọ̀ kó lọ sí Ìlọrin. Ilé Jòhánù nìkan ló kù sí.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, nínú ọyẹ́, àwọn tó ń dẹ òkété ti iná bọ igbó, atẹ́gùn sì gbé iná náà wọ ọgbà tí wọ́n kó iṣu wọn pamọ́ sí. Kí Jòhánù tó sáré dé oko, gbogbo iṣu tí wọ́n so mọ́ igi, ọ̀wọ́ lórí ọ̀wọ́, ti jóná, ó ń rùn bí ìgbà tí ẹni tó ń sun iṣu gbàgbé rẹ̀ sínú iná. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju méjìlélọ́gọ́ta lọ, àwọn tí Caroline ti rù wálé fún jíjẹ. Bí wọ́n bá gé wọn bí àwọn bàbá ṣe ń gé e, iṣu kan sí mẹ́rin, kò lè kọjá igba ebè ó lé díẹ̀. Bí ọ̀dá bá wá fọwọ́ kàn án, tàbí bí ikán bá jẹ nínú rẹ̀, irú iṣu náà ti di ìtàn nìyẹn.

Jòhánù kì í ṣe ẹni tó ń jókòó ti ìṣòro tó ń wò ó lójú. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, kó tó fẹ̀yìn tì ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ fúnra rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ lọ. Ó ti tú rédíò palẹ̀ rí láti mọ ibi tí ohùn ti ń jáde. Nígbà tó tò ó padà, nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣẹ́ kù sílẹ̀, rédíò náà sì ń sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Caroline kò yéé sọ ìtàn nọ́ọ̀tì mẹ́ta yẹn fún àlejò.

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Òmù-Àrán, ó bá àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn sọ̀rọ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé pélébé kan. Ó kà á títí tí etí ìwé náà fi ṣẹ́. Ohun tí ìwé náà wí kò le: gbogbo abẹ́ èèpo iṣu ló lè bí ọmọ, kì í ṣe ojú kan péré. Nítorí náà, ẹyọ kékeré tó bá ti ní èèpo lára lè hù, bí èèyàn bá fi eérú pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀ kó má bàa jẹrà, tó sì tẹ́ ẹ sínú èérún pákó tútù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nígbà tó bá yọ ọ̀mùnú, a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé e lọ sí oko. Iṣu tí yóò ta kò ní tóbi lọ́dún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n iṣu kan á ti di ogún, a ó sì rí èbù gidi gé lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Kó tó mú ọ̀bẹ, ó bi Caroline léèrè.

"Ìyá Iyìolúwa, ká dá mẹ́wàá sí?"

Caroline ronú díẹ̀. "Mẹ́wàá tí kò tó gbìn, tí kò tó jẹ? Tó bá dọ̀la, ebi á pa wá, a ó jẹ ẹ́. Ẹ gé gbogbo rẹ̀."

Ohun kan wà tí wọn kì í ṣe ní Òwu-Ìsin. Bí wọ́n bá gé iṣu fún gbígbìn, orí á lọ sí oko, àárín náà á lọ bí èbù kò bá tó, ṣùgbọ́n ìdí, níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀, ti ìkòkò ni. Kò sẹ́ni tó ń gbin ìdí iṣu. Lọ́tẹ̀ yìí, Jòhánù gé orí, ó gé àárín, ó gé ìdí, ó sì da gbogbo wọn pọ̀ sójú kan. Ó ní lọ́dún yìí, ìkòkò á ní sùúrù.

Àpò èérún pákó mẹ́ta ni wọ́n fi ọ̀kadà gbé wá fún un láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ọ̀kan tú lójú ọ̀nà, ọlọ́kadà sì wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n àti irun tó funfun, ó ń ṣépè díẹ̀díẹ̀. Jòhánù fi búlọ́ọ̀kù ṣe ọgbà kékeré sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, ó tẹ́ èérún pákó sí i, ó to èbù sórí rẹ̀ ní ìlà ní ìlà, ó tún fi èérún pákó bò wọ́n. Ó lu agolo kan níhò, ó fi ń wọ́n omi. Bó bá wọ́n ọn tán, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un: bí omi bá kán, ó ti pọ̀ jù, bí èérún náà bá dì mọ́ra bí èkuru láìkán, ó tó bẹ́ẹ̀. Àràárọ̀ ló ń ṣe èyí, inú rẹ̀ sì máa ń dùn bí ó bá dì.

Sàlíhù, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, dúró wò ó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó ń ti ìrun alásárì bọ̀.

"Tíṣà, a kú ìnáwó o! Ẹ sin iṣu, ẹ ò tilẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ká wá kírun sí i lára."

"Ó sùn ni, Sàlíhù. Kò kú."

"Kí Ọlọ́run jí i. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ náà lẹ gé? Ẹ ò dá kan sí?"

"Gbogbo rẹ̀."

Sàlíhù na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Háà! Tíṣà wọ odò!"

Ní ọjọ́ kejìlélógún, ilẹ̀ abẹ́ máńgòrò là. Ọ̀mùnú aláwọ̀ elésè àlùkò, tó nípọn bí ìka ọmọdé, gbé èérún pákó lérí jáde. Jòhánù pe Caroline kó wá wò ó, ó tún pè é nígbà tí ìkejì yọ, ó sì pè é nígbà ìkẹta, títí Caroline fi ní kó jẹ́ kí òun ro ọkà òun ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ti hù. Òjò rọ̀ ní àkókò yẹn gan-an, wọ́n sì kó wọn lọ sí oko, wọ́n gbìn wọ́n.

Ọ̀ọ́dúnrún. Èyí tó kù nínú ọgbà lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún.

Jòhánù padà wá ń wọ́n omi. Ọjọ́ kan kọjá, kò sí nǹkan. Ọjọ́ mẹ́ta, kò sí nǹkan. Ìwé pélébé wí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti pé, ó ti lé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn nǹkan kíkan bí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ó dáwọ́ pípe Caroline dúró. Ó tilẹ̀ ń yẹra fún ojú rẹ̀ nídìí oúnjẹ, nítorí inú abọ́ wọn lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, gaàrí ni, ẹ̀bà ni, ó sì mọ ohun tí ì bá wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlélọ́gbọ̀n, Caroline lọ sọ́jà. Sàlíhù bá Jòhánù lórí ìjókòó lẹ́bàá ọgbà náà, tó fọwọ́ lérán.

"Wọn ò jí?" ni Sàlíhù béèrè. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Wọn ò jí."

"Tíṣà, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ wú wọn báyìí, kí wọ́n tó jẹrà tán. Kí Màmá bó èèpo wọn, kí wọ́n bọ̀ wọ́n, kí wọ́n sá wọn. Ẹ ó rí èlùbọ́ jẹ títí àgbàdo mi yóò fi gbó, màá sì fún yín nínú ìyẹn náà. Ọ̀ọ́dúnrún ti wà lóko. Ẹ ò pàdánù."

"Ọ̀ọ́dúnrún tí kò tíì mú ilẹ̀ dáadáa. Bí ọ̀dá bá dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọ odò dé orúnkún ṣì lè padà. Èmi mọ òwe yẹn dáadáa, ẹ ti tìtorí rẹ̀ fa igi sí iṣẹ́ ọmọ mi rí."

"Ọmọ wo?"

"Sódìq. Nígbà tó wà ní kíláàsì yín. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìtumọ̀ 'Ẹni tó ti wọ odò kì í sá fún òtútù.' Sódìq kọ pé: 'Kó máa wẹ̀ lọ.' Ẹ fún un ní òdo."

Jòhánù rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Ohun tí mo kọ́ wọn ni pé kéèyàn ro nǹkan dáadáa kó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Ó wálé, ó ń sunkún, ó ní kí lèèyàn tún fẹ́ ṣe nínú odò ju pé kó wẹ̀ lọ." Sàlíhù lu ejìká rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ wú wọn, Tíṣà. Ojú kò ní tì yín lọ́dọ̀ wa."

Nígbà tí Sàlíhù lọ tán, Jòhánù mú ọkọ́ kékeré àti agbọ̀n kan. Ó fẹ́ kó ti tán kí Caroline tó dé, kó má bàa di pé òun á ṣe é lójú rẹ̀. Ó wú èbù àkọ́kọ́: ó rọ̀, ó ń ṣomi. Ó jù ú sẹ́yìn. Ó wú ìkejì: ó le. Ó fi sínú agbọ̀n. Ó ti wú tó ogún nígbà tí òjìji kan bo ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe?" Caroline kò tíì sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá Iyìolúwa, má bínú. Mo ti ba iṣu ìyá rẹ jẹ́. Jẹ́ ká fi èyí tó kù ṣe èlùbọ́."

Caroline sọ ẹrù kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan nínú agbọ̀n, ó nu eérú àti èérún pákó kúrò lára rẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń yan ata lọ́jà.

"Ìdí nìyí," ó ní. Ó mú òmíràn. "Àárín nìyí. Ìdí. Ìdí. Bàbá Iyìolúwa, orí dà?"

"Orí báwo?"

"Orí iṣu. Nínú gbogbo èyí tẹ́ ẹ wú, mi ò rí orí kan ṣoṣo. Ṣé ẹ dà wọ́n pọ̀ ni?"

"Mo dà wọ́n pọ̀. Èbù ṣáà ni gbogbo wọn."

Caroline bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di búlọ́ọ̀kù mú. "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà mi, ẹ ti rí ìdí iṣu tó bá orí rẹ̀ hù lọ́jọ́ kan náà rí?"

"A kì í gbin ìdí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i?"

"Ààtàn! Ibi tí mo ń da èèpo àti ìgékù iṣu sí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí. Bí mo bá ju orí tó ti bàjẹ́ síbẹ̀ nígbà òjò àkọ́rọ̀, kò ní pẹ́ hù. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo bá jù síbẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, màá ti gbàgbé rẹ̀. Ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ sí i lórí dáadáa ni màá tó rí ewé rẹ̀ tó ń fà mọ́ ògiri."

Jòhánù náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ agbọ̀n. Ó mú èbù méjì, ọ̀kan ìdí, ọ̀kan àárín, ó gbé wọn sójú oòrùn. Èèpo àárín dúdú díẹ̀, ó rí ṣákiṣàki; ti ìdí mọ́, ó fẹ́lẹ́, àfi bí awọ ọmọ tuntun. Ọ̀rọ̀ náà wá là lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí iṣu bá ń ta nínú ebè, orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń di iṣu. Ìsàlẹ̀ ló ń gùn lọ. Orí ni àkọ́bí, ìdí ni àbíkẹ́yìn. Lójoojúmọ́ ló ti ń jẹ iṣu, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò dọ́gba láti òkè dé ilẹ̀.

"Àbíkẹ́yìn kì í bá àkọ́bí jí," ló sọ, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Abájọ tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ìwé yẹn wí fi bá orí nìkan mu! Wọ́n rò pé a ó ya wọ́n sọ́tọ̀. Caroline, ìwọ ti mọ èyí, o ò sì sọ?"

"Ta ló bi mí? Ìwé lẹ ń bi."

Àwọn méjèèjì jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò tíì kúrò lára Jòhánù. "Ààtàn kì í ṣe èérún pákó," ó ní. "Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ tí wọ́n sì jẹrà, iṣu ti lọ, èlùbọ́ náà ti lọ. Sàlíhù ní ẹni tó wọ odò dé orúnkún ṣì lè padà."

"Sàlíhù ń wá ire wa. Ṣùgbọ́n tiwa ti kọjá orúnkún." Caroline ń to èbù líle padà sí ìlà bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Ẹ wò ó. Òwe yẹn, ẹ ti rò pé mo fi ń bú yín láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti gé iṣu. Mo rí i lójú yín. Ẹni tó bá wà létí odò, òwe mìíràn la ń pa fún un. A ó ní kó fi ọ̀pá wo jíjìn rẹ̀, a ó ní kó bọ́ bàtà rẹ̀. Eléyìí, ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti rin gbindin la ń pa á fún. Kò sí ìkìlọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. À ń sọ fún un pé òtútù tó ń bà á lẹ́rù tẹ́lẹ̀ ti mú un ná, kò sì pa á. Bí a bá padà báyìí, a ti tutù lásán, a kò sì dé òdìkejì."

Jòhánù fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Sódìq ló gbà á, nígbà yẹn."

"Sódìq wo?"

"Màá sọ fún ọ."

Wọ́n fi ọ̀sán ọjọ́ náà wú gbogbo rẹ̀, kì í ṣe fún èlùbọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Èyí tó bá rọ̀, wọ́n á jù ú nù kó má bàa kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òórùn kíkan náà ti ń wá. Èyí tó bá le, wọ́n á tún fi eérú pa á lójú. Jòhánù kó èérún pákó tó ti ń rùn dànù, ó tẹ́ tuntun. Ó wá ya ọgbà náà sí méjì: àárín lápá kan, ìdí lápá kejì, ó fi pátákó dá ààlà sáàárín wọn. Èyí tó jẹrà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé igba. Nígbà tí Caroline da ìyẹn sí ààtàn, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e gùn. Jòhánù wọ́n omi, ó fún ẹ̀kúnwọ́, ó wò ó bóyá ó dì. Sàlíhù ń kọjá, kò béèrè nǹkan kan mọ́, ó kàn ń kí wọn kú ìsinmi. Ọ̀dá ọjọ́ mẹ́sàn-án dá, ó sì pa nínú àwọn ti oko. Ẹ̀rù ba Jòhánù, ṣùgbọ́n kò tún gbé ọkọ́ jáde.

Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, Caroline ló pe Jòhánù.

"Bàbá Iyìolúwa! Ẹ wá wo àárín yín o!"

Márùn-ún ni, ní ìlà kan. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti di mẹ́tàdínlógún. Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò tún kà á mọ́. Apá ìdí dákẹ́ sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, lẹ́yìn náà òun náà la ilẹ̀, ọ̀mùnú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti àwọn yòókù, ó sì mọ́ jù wọ́n lọ. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló hù. Púpọ̀ ló hù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó wọn lọ sí oko nínú abọ́ ńlá, Caroline dúró lẹ́nu ọ̀nà Sàlíhù, ó sọ abọ́ kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Tìẹ nìyí. Ọgọ́rùn-ún ni. Ìdí ni gbogbo wọn, má rò pé mo fún ọ ní orí."

Sàlíhù wo abọ́, ó wo Tíṣà, ó wo abọ́. "Màmá, èmi tí mo ní kẹ́ ẹ fi wọ́n ṣe èlùbọ́?"

"Ìwọ gan-an. Ojú á máa tì ọ́ tí o bá jẹ́ kí ọ̀kan kú. Inú ọgbà kan ṣoṣo ló wà tí iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa irú rẹ̀ run. Kò tún ní wà ní ojú kan mọ́. Bọ́lánlé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìgbàjà ń bọ̀ wá gba tirẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé."

"Mi ò gbin iṣu rí láyé mi, àgbàdo ni mo mọ̀."

"Wàá kọ́ ọ," ni Jòhánù wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyọ kan nínú abọ́, ó ń fi ìka hàn án ibi tí èèpo wà àti ibi tí ọ̀mùnú ti yọ. "Wò ó, apá ibí ló ń wo òkè. Má rì í jinlẹ̀ jù. Fi koríko gbígbẹ bo orí ebè, nítorí oòrùn. O ní ebè?"

"Mo lè kọ ọ́ lónìí."

"Tètè lọ kọ ọ́, kí oòrùn tó mú. Mo ń bọ̀ wá bá ọ kọ díẹ̀ bí mo bá ti gbin tiwa tán."

Sàlíhù wọlé lọ mú ọkọ́ rẹ̀. Caroline ti gbé abọ́ tirẹ̀ rù, ó ti ń lọ níwájú lójú ọ̀nà oko, Jòhánù sì yára tẹ̀ lé e, ó fi ọwọ́ kan di abọ́ orí rẹ̀ mú kí ọ̀mùnú má bàa ṣẹ́.